Àyẹ̀wò Dókítà VA: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Yorùbá Tó Ti Ṣiṣẹ́ Ológun ní Amẹ́ríkà

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti wọ aṣọ ológun Amẹ́ríkà pọ̀ ju bí àwọn ará ilé ṣe rò lọ. Àwọn kan fi gíríìnì káàdì wọlé. Àwọn mìíràn gba inú ètò MAVNI, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí iṣẹ́ ológun nílò, tí èdè Yorùbá sì wà lára àwọn èdè ọ̀hún. Wọ́n lọ sí Iraq, wọ́n lọ sí Afghanistan, wọ́n fi ẹ̀yìn gbé ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì padà dé pẹ̀lú orúnkún tó ń ro, etí tó ń hó àti oorun tí kò kùn wọ́n mọ́. Òfin ní kí VA, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, máa san owó gbà-máà-bínú fún wọn lóṣooṣù. Àmọ́ kí owó náà tó jáde, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ti ń pàdánù ohun tó tọ́ sí wọn. Wọn ò purọ́ o. Òótọ́ tí wọ́n sọ ni kò tó.

Láti kékeré la ti kọ́ wa pé bí wọ́n bá béèrè àlàáfíà ẹni, “a dúpẹ́” la fi í dáhùn. Ẹni tó bá ń to àrùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún àlejò, aláìnítìjú ni lójú wa. Àwọn onígbàgbọ́ nínú wa tún ń bẹ̀rù kí àwọn má fi ẹnu ara wọn gba àìsàn mọ́ra. Iṣẹ́ ológun náà wá kọ́ wa ní tirẹ̀: mú un mọ́ra, máa lọ. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dára láàyè wọn. Nínú yàrá àyẹ̀wò VA, ìyà ni wọ́n máa fi jẹ ẹ̀yin àti ìdílé yín.

Ohun tí àyẹ̀wò náà wà fún

C&P (Compensation and Pension) ni wọ́n ń pè é. Dókítà tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò ní kọ oògùn fún yín, kò ní tọ́jú yín, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ má rí ara yín mọ́ láyé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó kọ ohun tó bá rí sínú fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ DBQ (Disability Benefits Questionnaire). Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ VA kan tí ẹ kò ní fojú kàn yóò mú fọ́ọ̀mù ọ̀hún, yóò fi wé ìlànà tó wà nínú òfin 38 CFR, Apá 4, yóò sì gbé ìwọ̀n tí wọ́n máa fi ṣírò owó yín lé àìsàn kọ̀ọ̀kan, láti 0% dé 100%, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ohun tí dókítà kò bá kọ sílẹ̀, lójú òṣìṣẹ́ yẹn, kò ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni dókítà fẹ́ dáhùn. Báwo ni àìsàn yìí ṣe le tó lónìí? Ṣé iṣẹ́ ológun ló fà á? Ní ti ìbéèrè kejì, òfin kò ní kí ẹ mú ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì rárá wá. Bí ẹ̀rí pé iṣẹ́ ló fà á àti ẹ̀rí pé òun kọ́ ló fà á bá dọ́gba, ẹ̀yin ni òfin ní kí wọ́n dá láre.

Ètò yìí ti pẹ́. Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1862 fún ọmọ ogun tí kò ní ipò, tí kò sì lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́ rárá, ní dọ́là 8 lóṣù, dókítà ló sì ń yẹ̀ wọ́n wò nígbà náà lọ́hùn-ún. Títí dòní, ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí àìsàn ṣe dín agbára ènìyàn kù láti ṣiṣẹ́ jẹun. Torí náà, kò tó kí ẹ sọ pé ó ń dùn yín. Ẹ sọ ohun tí ìrora náà kò jẹ́ kí ẹ lè ṣe.

Kí lẹ́tà tó dé

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí VA mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ wá béèrè owó. Fọ́ọ̀mù 21-0966 wà fún èyí, ẹ sì lè ṣe é lórí VA.gov. Bí ẹ bá parí fọ́ọ̀mù kíléèmù (ìbéèrè owó) gan-an, ìyẹn 21-526EZ, láàárín ọdún kan, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi tó wọn létí ni wọ́n sábà máa ń ka owó láti ibẹ̀. Gbogbo oṣù tí ẹ fi ń wá ìwé kiri kò ní ṣòfò.

Ẹ dárúkọ àìsàn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí VA bá ní kí dókítà yẹ̀ wò ló máa yẹ̀ wò. Tí ẹ bá kọ orúnkún ọ̀tún nìkan, kò ní fọwọ́ kan ti òsì. Bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ pé nítorí ọ̀tún tó ń dùn yín lẹ ṣe ń fi òsì gbé gbogbo ara, tí òsì náà wá bàjẹ́, òfin gbà kí ẹ béèrè fún òun náà. Ojú àpá ọta tàbí ti iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Wọ́n máa ń wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, àpá kan ṣoṣo tó bá ń dùn yín lè mú 10% wá.

Àwọn tó fa èéfín kòtò tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí símú ní Iraq tàbí Afghanistan, ẹ béèrè nípa òfin PACT tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2022. Àwọn àìsàn kan wà nínú òfin náà, ikọ́ fée (asthma) tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ológun sì wà lára wọn, tí VA ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ ló fà wọ́n. Ìyẹn já ìbéèrè kejì kúrò lọ́rùn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ rí dókítà ibùdó yín nígbà tí nǹkan bá ṣe yín. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí ọ̀gá pè yín ní ọ̀lẹ. Ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí ẹ já bọ́ láti orí ọkọ̀ lè ṣe ohun tí àlàyé ogún ojú ìwé kò lè ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Bí iṣẹ́ bá sì ku 180 ọjọ́ sí 90 ọjọ́ kó parí, ẹ lè fi kíléèmù sílẹ̀ kí ẹ tó bọ́ aṣọ.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá yín kọ kíléèmù àkọ́kọ́. Òfin kò gbà á. Àwọn aṣojú tí VA fọwọ́ sí ní DAV, VFW àti American Legion, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní òun máa gba nínú owó oṣù yín, ẹ yẹra fún un, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú yín.

Ìpè láti nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ni VA ti gbé fún àwọn ilé iṣẹ́ àdáni bíi QTC, VES, OptumServe àti Loyal Source. Àwọn ni wọ́n máa pè yín, nọ́ńbà wọn ò sì ní jọ ti ìjọba. Bí ẹ bá ti fi kíléèmù sílẹ̀, ẹ máa gbé fóònù, ẹ máa ṣí lẹ́tà, ẹ sì jẹ́ kí àdírẹ́sì yín lọ́dọ̀ VA jẹ́ èyí tí ẹ ń gbé báyìí. Tí ẹ bá kọ̀ láti lọ láìsí ìdí gúnmọ́, wọ́n lè fi ìwé tó wà nílẹ̀ nìkan ṣe ìdájọ́, tàbí kí wọ́n da kíléèmù tí ẹ fi béèrè àfikún nù pátápátá. Tí ọjọ́ kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ pè wọ́n ṣáájú kí wọ́n yí i padà. Èyí kan àwa tí a máa ń lọ sílé ní oṣù Kejìlá gidigidi: ẹ má fi kíléèmù sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá kí ẹ wá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ṣe ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú láìsọ fún aṣojú yín.

Wọ́n máa ń san owó ìrìnàjò fún àyẹ̀wò náà, ẹ má fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó ti padà sílé pátápátá kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ o. VA ń san owó yìí fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, wọ́n sì lè ṣètò àyẹ̀wò fún un lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà.

Ohun tí ẹ óò kọ sílẹ̀ nílé

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ mú ìwé, kí ẹ máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara yín lójoojúmọ́: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tí ẹ kò lè ṣe. Ẹ̀fọ́rí túúlu, fún àpẹẹrẹ, iye ìgbà tó ń dá yín dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ní ìpíndọ́gba, 30% ni òfin kà á sí. Ẹni tó bá dé iwájú dókítà tó ní “ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan,” kò fún un ní ohun kan láti kọ.

Ẹ ronú lórí ìgbé ayé tiwa gan-an. Ṣé ẹ ṣì lè dọ̀bálẹ̀ kí àna yín, kí ẹ dìde láìjẹ́ pé ẹnìkan na ọwọ́ sí yín? Ṣé obìnrin ni yín, tí ìkúnlẹ̀ ti di ìjà? Àwọn Mùsùlùmí, ṣé orí àga lẹ ti ń kírun báyìí torí pé ìforíkanlẹ̀ kò ṣeé ṣe mọ́? Níbi òde, ṣé ẹ ṣì ń jó, àbí ẹ ń jókòó sídìí tábìlì kí ariwo gáńgan àti èrò má baà jẹ́ kí àyà yín já? Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni àìlera gan-an, kò sì sí èyí tí dókítà náà máa ronú láti béèrè. Ẹ sọ wọ́n lọ́nà tí yóò fi yé e: “Mi ò lè dé ilẹ̀ kí n sì dìde láìdi nǹkan mú. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ láti kí àgbà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ṣe é kẹ́yìn.”

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹlẹ́rìí. Fọ́ọ̀mù 21-10210 ni wọ́n máa lò. Ìyàwó, ọkọ, ọ̀gá níbi iṣẹ́, pásítọ̀ tàbí àlùfáà, ẹni tí ẹ jọ wà lójú ogun, gbogbo wọn ló lè kọ ọ́. Kí wọ́n má kọ pé ẹ jẹ́ ènìyàn rere. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fojú rí. Irú èyí ló wúlò: “Bíi alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ọkọ mi máa ń dìde ní aago 2 òru lọ yẹ gbogbo ilẹ̀kùn wò. Ó ti gbá mi lójú oorun rí, kò mọ̀ pé èmi ni. Yàrá àwọn ọmọ ni mo ń sùn báyìí.” Òṣìṣẹ́ VA kò lè ka ìyẹn kó fojú fò ó.

Ẹ mú ẹ̀dà DD-214 (ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun), ìwé ìtọ́jú láti ibi iṣẹ́ ológun àti èyí tí ẹ gbà nílé ìwòsàn mìíràn dání, ti Nàìjíríà náà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ àgbo lẹ ń mu sí ẹ̀yìn ríro, ẹ má tijú láti sọ ọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Ẹ wọ aṣọ tó ṣeé bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí ẹ bá ń lo ọ̀pá tàbí ìdè orúnkún, ẹ mú un dání. Tí ẹ kì í lò ó, ẹ má lọ rà á torí ọjọ́ kan. Dókítà ń wo bí ẹ ṣe sọ̀kalẹ̀, bí ẹ ṣe dìde lórí àga, bí ẹ ṣe bọ́ bàtà, ó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tó rí kò bá bá ohun tó gbọ́ mu. Irọ́ níbí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì ń ba òótọ́ tó kù jẹ́. Ẹ má dá oògùn tí dókítà yín kọ dúró nítorí àyẹ̀wò. Ẹ sọ èyí tí ẹ lò láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti bí ara yín ṣe máa ń rí bí ẹ kò bá lò ó.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde lè jẹ́ “How are you?” Ẹ kí i dáadáa. Ẹ má sọ pé “I’m fine”, torí mo ti rí i nínú ìwé èsì níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni náà ní nǹkan kan ò ṣe òun. “Good morning, doctor” ti tó. “I’m managing” náà kò ran yín lọ́wọ́. Ohun tí àwa ń fi sọ pé nǹkan le, oníṣègùn Amẹ́ríkà lè gbọ́ ọ bíi pé ó rọrùn.

Orúnkún, ẹ̀yìn, èjìká

Dókítà yóò mú ike ìwọ̀n kan tó ní apá méjì, yóò fi lé oríkèé yín, yóò ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ nà án, nígbà mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Orúnkún tó dá ṣáṣá máa ń tẹ̀ dé dígírì 140. Èyí tó bá dúró ní 45 gba 10%, ní 30 ó gba 20%, ní 15 ó gba 30%. Ẹ̀yìn tó dá ṣáṣá máa ń tẹ̀ síwájú dé 90. Bó bá ju 30 lọ tí kò sì kọjá 60, 20% ni. Bó bá dúró ní 30 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, 40% ni.

Bọ̀dá kan tí mo mọ̀ ní Houston wọlé fún irú àyẹ̀wò yìí. Dókítà ní kó tẹ orúnkún. Bọ̀dá wa fún eyín pọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ débi tó lè tẹ̀ ẹ́ dé, kò ké, kò wí. Dókítà béèrè bóyá ó dùn ún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní “small”. Ohun tó délé VA ni pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ṣáṣá. Nígbà tó dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó jókòó sínú mọ́tò títí ẹsẹ̀ fi rọ̀ ọ́ díẹ̀ kó tó lè wakọ̀ lọ sílé. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn síbì kankan.

Ohun tó yẹ kó ṣe rèé, kí ẹ̀yin náà sì ṣe é. Ibi tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta níbẹ̀: “Ó ti ń dùn mí níbí.” Ẹ lè tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ jẹ́ kó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Òfin gbà pé oríkèé tó ń dùn ní ìlò yẹ fún ó kéré tán 10%, kódà bí ó bá tẹ̀ ju iye tí mo kọ sókè lọ. Ẹ tún sọ nípa ọjọ́ tí ó bá le sí i, torí ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ DeLuca ọdún 1995 àti Sharp ọdún 2017 pé dókítà gbọ́dọ̀ ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí, kódà bí ara bá balẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Bí kò bá béèrè, ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù, ọjọ́ mélòó ló ń lò, kí ni ẹ kò lè ṣe nígbà náà.

Ní ti etí, onímọ̀ nípa etí ló ń ṣe é. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn nígbà àyẹ̀wò. Wọ́n máa fi ohùn dán yín wò, wọ́n sì máa ní kí ẹ tún àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan pè. Tí etí yín bá ń hó, ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọ bá yín. 10% ni, ì báà jẹ́ etí kan tàbí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ PTSD

PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ohun ẹ̀rù tí ènìyàn là kọjá ń fà, ló nira jù fún wa, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nílé wa, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n so orúkọ ẹbí òun mọ́ àìsàn ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ẹni tí ogun dẹ́rù bà kọjá agbára rẹ̀ kò ya wèrè. Àìsàn ni, ó ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Adúrà àti ìtọ́jú kò bá ara wọn jà.

Dókítà ọpọlọ tàbí onímọ̀ ìrònú ni yóò bá yín sọ̀rọ̀, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò ní kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kò nílò láti ro gbogbo rẹ̀ dé orí eegun. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ti tó. Ìyókù, iṣẹ́ àti ìbágbépọ̀ yín ló fẹ́ mọ̀, torí ìyẹn ni wọ́n fi ń yan láàárín 0, 10, 30, 50, 70 àti 100%. Ṣé ẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbínú? Ṣé ẹ ti dá gbogbo ọ̀rẹ́ dúró? Ṣé ẹ ń wẹ̀, ẹ ń jẹun? Ṣé ariwo bánger máa ń mú yín ta gìrì débi tí ẹ fi ń wólẹ̀? Tí ó bá béèrè bóyá ẹ ti ronú láti pa ara yín rí, ẹ má fi ìtìjú dáhùn. Ẹ sọ bó ṣe jẹ́. Bí èrò bẹ́ẹ̀ bá sì wà lọ́kàn yín lónìí, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan: ẹ tẹ 988 lórí fóònù ní Amẹ́ríkà, kí ẹ sì tẹ 1. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e.

Obìnrin tàbí ọkùnrin tí wọ́n fipá bá lò lẹ́nu iṣẹ́ ológun lè béèrè kí dókítà jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin, bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ bá pè láti mú ọjọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá jáde

Kí ẹ tó kúrò níbi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀: aago tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, bóyá ó lo ike ìwọ̀n tàbí ojú lásán ló fi wò ó, ohun tí kò béèrè. Bí àyẹ̀wò náà kò bá dára, ẹ kọ ìwé sí VA lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ má dúró di ìgbà tí èsì bá jáde, torí ẹ̀sùn tó bá dé lẹ́yìn ìdájọ́ máa ń jọ ti ẹni tí inú ń bí. Ẹ lè fi fọ́ọ̀mù 20-10206 béèrè ẹ̀dà ohun tí dókítà kọ.

Nígbà tí lẹ́tà ìpinnu bá dé, ìṣirò rẹ̀ lè rú yín lójú. 50% àti 30% kì í di 80%. Ńṣe ló dà bí iṣu kan: ẹni àkọ́kọ́ gé ìdajì lọ, 30% tó kàn, lára ìdajì tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ti gé e, ìyẹn 15. Àpapọ̀ wá di 65, wọ́n sì máa gbé e sókè sí 70%.

Bí ìpinnu náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọdún kan lẹ ní láti yan ọ̀nà kan nínú mẹ́ta. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí tuntun, bíi ìwé dókítà tiyín tàbí ti ẹlẹ́rìí, fọ́ọ̀mù 20-0995 ni. Bí ẹ̀rí bá ti pé nílẹ̀, tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló ṣi òfin lò, 20-0996 ni, àmọ́ ẹ kò lè fi ìwé tuntun kún un. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ adájọ́ ìgbìmọ̀ VA ni 10182, òun ló sì ń pẹ́ jù. Ní ti ẹni tó bá dákẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò bíi Bọ̀dá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, 20-0995 ni kó lò: kó mú ìwé tó ń kọ lójoojúmọ́, lẹ́tà ìyàwó rẹ̀ àti èsì dókítà oríkèé tirẹ̀, kó béèrè àyẹ̀wò tuntun.